Mo kúrò ní Àjàṣẹ́ láì dágbére fún ẹnì kan. Ta ló lè bá mi wá a?

ÌyáAláṣọÒfì | ọjọ́ Ajé, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n kọ ọ́ síbí, pé àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Aṣọ òfì ni mò ń tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ gbéṣẹ́ fún mi: àlàárì, ìró mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú gèlè àti ìborùn, fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó san ìdajì, ó ní kí n gbé e wá kí n gba ìyókù. Mo gba Ìdíirókò bọ́ sí Ìgólò, mo dé Àjàṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àfi bí wọ́n ṣe pè mí nígbà tí mo ṣì wà lójú ọ̀nà pé ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ti kú, wọ́n ti sún ìgbéyàwó síwájú, owó ti wọ ìdí òkú. Wọ́n ní kí n ṣáà dúró, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan náà di ọjọ́ mẹ́tàlá.

Kí n má purọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó lọ ni pé Àjàṣẹ́, ilé ni. Yorùbá ni wọ́n, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù? Mo débẹ̀, mo gbọ́ Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín ara wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Lọ́jà, Gun, èdè àwọn Ègùn. Ní ọ́fíìsì, Faransé. Àwọn tó bá mi sọ Yorùbá kí mi dáadáa, wọ́n béèrè ará ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Oníbàárà mi wà nínú ọ̀fọ̀, mi ò lè máa lọ jókòó tì wọ́n bí ẹni tó wá sin gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè náà ni mo wá sìn. Alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ká aṣọ náà, mo tún tú u, mo tún ká a, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe.

Ilé tí mo wọ̀ sí wà ní apá Tokpota. Yàrá mẹ́fà, àgbàlá kan, igi máńgòrò kan. Gun ni ìyá tó nilé, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "owó dà?" lọ. Ní yàrá tó kọjú sí tèmi ni bàbá kan wà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, láwàní funfun lórí. Ará Niger ni, láti apá Dosso. Ó kó àlùbọ́sà wá sí ọjà Ouando, ó tà á láwìn, kó tó gba owó rẹ̀ tán ni àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ni ECOWAS bá ti ẹnubodè. Malanville, ìlú ẹnubodè tí ì bá gbà lọ sílé, ó ju 700 kìlómítà lọ sí Àjàṣẹ́, wọ́n sì ní ọkọ̀ ẹrù ti tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Èmi ń dúró de owó. Òun ń dúró de owó àti ọ̀nà.

Èdè kò pa wá pọ̀. Faransé rẹ̀ kò tó nǹkan, tèmi kò sí rárá. Hausa tí mo gbọ́ kò kọjá ti ọjà: "sannu", "nawa ne", "na gode". Òun gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n Zarma ni èdè rẹ̀. Láràárọ̀, "fofo" ló ń wí fún mi, èmi náà á ní "ẹ káàárọ̀, bàbá". Ìyá onílé gbọ́ "fofo" yìí lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó pe ọmọ kan wá kó túmọ̀ fún mi: "fofo" lédè tiwọn, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni. Bàbá ń pe obìnrin ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin! Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àwàdà ló ń bá mi ṣe. Bó bá ti ní "fofo", èmi á ní "àbúrò". Ó ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú ni ojú wa là síra. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mo jáde wá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí ilé ńlá kan láàárín ìlú, ilé ìṣọ́ méjì níwájú, ọ̀dà oríṣìíríṣìí lára rẹ̀, mo ní ọpẹ́ ni fún Olúwa. Mo ti ń wọ ọgbà rẹ̀ lọ kí n tó rí bàtà tí wọ́n bọ́ kalẹ̀, tí mo sì rí bàbá mi níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ́tù, tó ń ṣàlùwàlá. Ó wo Bíbélì abẹ́ abíyá mi. Ó wo mọ́sáláṣí. Ó fi ọwọ́ tútù bo ẹnu. Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ń wò wá.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ti finá sí èédú nínú àdògán kékeré onírin, ó gbé kẹ́tù aláwọ̀ búlúù kan lé e, kò ju ìkúùkù ọwọ́ mi lọ. Ó da ewé tíì sí i, ó sè é títí omi rẹ̀ fi dúdú, ó bu ṣúgà sí i láìṣírò, ó wá ń dà á láti òkè. Mo ní òkè. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí dọ́gba, ife gíláàsì kékeré wà nílẹ̀, tíì ń bọ̀ bí okùn. Á dà á sínú ife, á dà á padà sínú kẹ́tù, á tún dà á, títí ìfóòfó fi gun ojú rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò bọ́ sílẹ̀. Ife méjì ló ní, ọ̀kan ti ṣẹ́ létí. Èyí tí kò ṣẹ́ ló gbé fún mi.

Ó korò bí jogbo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tu ú nù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Kala suuru."

Mo ní kí lẹ wí? Sùúrù? Ó ní suuru. Mo fọwọ́ lé àyà, mo ní sùúrù, tiwa nìyẹn! Ó tún omi dà sórí ewé kan náà. Ìkejì rọ̀ díẹ̀. Ìkẹta dùn bí oyin, aago mọ́kànlá sì ti lù.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ la ń wá kiri bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo ń kọ wọ́n sí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àlùbọ́sà: òun ní albasa. Àlùbáríkà: albarka. Àdúà: adduwa. Tálákà: talka. Bàbá tọ́ka sí ara rẹ̀, "talka". Ó tọ́ka sókè, "adduwa". Ó tọ́ka sí àpò àlùbọ́sà tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, "albarka". Mo gbọ́ ọ yéké.

Ẹ̀wù funfun rẹ̀ ya lábẹ́ abíyá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú funfun kò sí nínú ẹrù mi. Òwú àlàárì ló wà, pupa fòò. Mo fi rán an. Ó nà án sókè, ó wò ó, ó wọ̀ ọ́, ó sì gbé ọwọ́ sókè láàárín àgbàlá kí gbogbo èèyàn rí i.

Owó mi dé lálẹ́ ọjọ́ kejìlá. Mo di ẹrù. Bàbá rí mi níbi tí mo ti ń dì í. Ó se tíì, ó sọ nǹkan kan tí kì í ṣe "kala suuru", "kala" míì ni, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo kàn mi orí. Lọ́kàn mi, ilẹ̀ á mọ́, n óò kan ilẹ̀kùn, n óò dọ̀bálẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ń fọn fèrè, ó ní èrò ti pé. Yàrá bàbá ṣókùnkùn. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí n kàn án. Mi ò kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, "Bàbá" ni mo ń pè é. Mi ò gba nọ́ńbà, nítorí kí la fẹ́ sọ lórí fóònù? Ta ló wà ní Àjàṣẹ́ tó lè bá mi béèrè?

---

ỌmọÀjàṣẹ́ | ọjọ́ Ajé, aago 10:03 alẹ́

Màmá, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí. Ọjọ́ mẹ́tàlá ní Tokpota! Ilé àbúrò ìyá mi wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò ké?

Èmi ò ní jiyàn pé ẹ kò rí ohun tí ẹ rí. Ìlú wa yìí, orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́. Àwa ní Àjàṣẹ́, àwọn Gun ní Xọ̀gbónú, àwọn Pọtogí ní Porto-Novo, ó sì jọ pé kálukú ń gbé inú orúkọ tirẹ̀. Yorùbá ni bàbá mi, Gun ni ìyá mi, mo mọ bó ṣe ń rí. Àwa náà kò ka ará Nàìjíríà sí àlejò, ibẹ̀ ni ìṣòro ti wá. Àlejò là ń bá gbé àga. Ẹni tá a bá pè ní ọmọ ilé, a ó ní ó mọ ibi tí àga wà.

Àṣìṣe mọ́sáláṣí yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wá àti àwọn ọmọ wọn, àwọn ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, irú ilé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ ní Bahia ni wọ́n sì kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn tó jẹ́ mùsùlùmí nínú wọn ní kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ sí Ouando ra nǹkan. N óò dé ọ̀dọ̀ àwọn alálùbọ́sà. Òwú pupa lábẹ́ abíyá, ọwọ́ wo ni?

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 10:11 alẹ́

Ọwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́run á fún ọ lówó, ọmọ mi.

---

ÀgbàỌ̀rọ̀ | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Abilékọ gbéra lọ sí ìlú onílùú, ó ń jókòó ní aago mọ́kànlá òru pẹ̀lú ọkùnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ó ń mu ohun tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń rán ẹ̀wù fún un. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́. Ṣé ọkọ rẹ̀ mọ̀ sí i?

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti lé ní ọdún 55, bàbá náà á ti lé ní 70. Ọkọ mi wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún 2016. Bí ẹ bá rí i kó tó pé tèmi, ẹ bá mi bi í.

---

Akaba_Ìdẹ̀nà | aago 7:15 àárọ̀

Háà! Ẹ kú ìdáhùn, Màmá. 😂

Kétu ni mo ti wá, ẹ rí i nínú orúkọ mi, ẹnu ibodè wa àtijọ́ ni. Èmi náà jẹ ìdáwà Àjàṣẹ́ nígbà tí mo lọ kàwé níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sí yàrá mi jẹ́ Baàtọ́nù láti Nikki. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, Faransé àwa méjèèjì sì jẹ́ ti inú ìwé. Oṣù kan gbáko ni a fi jà lórí fèrèsé. Òun fẹ́ kó ṣí, èmi fẹ́ kó tì, nítorí ẹ̀fọn. Lóru ọjọ́ kan ibà mú mi, ibà tó ń gbọn bẹ́ẹ̀dì. Mo lajú, mo rí i pé ó ti ti fèrèsé, ó dúró tì í, ó ń làágùn.

Mo mú un lọ sí Kétu ní ìsinmi. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Ó bi mí pé ìyàwó ta ni àwọn obìnrin tó ń jó yìí. Mo ní ọkùnrin ni gbogbo wọn. Kò gbà títí di òní. Ó ti bímọ mẹ́rin, kò gbà.

---

Ìyá_Ṣábẹ̀ẹ́ | aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu ni mò ń tà, láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, ó ti lé ní ogún ọdún. Dendi ni àwọn tí mò ń bá ná ọjà ń sọ níbẹ̀, Dendi àti Zarma sì dà bí Yorùbá Ọ̀yọ́ àti Yorùbá tiwa: a ó bú ara wa, a ó sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun kan tí n kò lè fi pamọ́ fún yín. "Fofo" kì í ṣe ẹ̀gbọ́n o. Ti Gun ni ẹ̀gbọ́n. Lédè bàbá, "fofo" ni ẹ kú, ẹ ṣé. Ó ń kí yín ni, láràárọ̀. Kò ṣe àwàdà kankan.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 1:34 ọ̀sán

Mo dáràn. Bàbá arúgbó ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, èmi ń pè é ní àbúrò fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án?

---

Akaba_Ìdẹ̀nà | aago 1:36 ọ̀sán

Ó sì ń jẹ́ ẹ! 😂😂 Bóyá òun náà ti bi ẹnì kan pé kí ni "àbúrò", tí wọ́n sì ṣì í túmọ̀ fún un.

---

Ìyá_Ṣábẹ̀ẹ́ | aago 2:05 ọ̀sán

Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n, "kala suuru" tí ẹ gbọ́ yẹn, àfi sùúrù ni. Ẹni tí nǹkan ń dùn, tí ó ń dúró de nǹkan, ohun tí wọ́n ń wí fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ti alẹ́ ìkẹyìn, "kala" míì ni. Ṣé ẹ rántí bó ṣe dún? Ṣé "kala han fo" ni?

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 2:31 ọ̀sán

Mo lọ wá rìsíìtì náà nínú àpótí. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ: "kalaháńfò". Mo fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

---

Ìyá_Ṣábẹ̀ẹ́ | aago 2:40 ọ̀sán

Òun náà ni. "Han" ni ọjọ́, "fo" ni ọ̀kan. Ó di ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n fi ń dágbére nìyẹn.

Ó ti rí i tí ẹ ń di ẹrù. Ó ti dágbére fún yín kí ẹ tó sùn.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 4:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun. Mo lọ jókòó díẹ̀ ni.

Mo mi orí fún un. Mo kàn mi orí.

---

Dírẹ́bà_Sẹ̀mẹ̀ | aago 8:47 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Kútọnu sí Malanville ni mò ń ná tẹ́lẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà. Tòmátì ń jẹrà nínú ọkọ̀, àlùbọ́sà ń hù. Àwọn awakọ̀ ń fọṣọ lábẹ́ ọkọ̀ wọn bí ẹni tó ti di onílé. Nígbà tí wọn ò rí ọ̀nà, ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Ọya sí Gaya ní ìhà Niger, lówó gọbọi. ECOWAS tú ìdè rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìjọba Niger kò ṣí ìhà tirẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà bí bàbá yín bá ti dé ilé, ojú omi ló gbà. Ẹ má ronú jù, àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ mọṣẹ́.

Ní báyìí, Sẹ̀mẹ̀ sí Àjàṣẹ́ sí Ìgólò ni mò ń ná. Bí ẹ bá ní nǹkan ẹ fi ránṣẹ́.

---

ÀgbàỌ̀rọ̀ | aago 9:10 alẹ́

Mi ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, Màmá. Ẹ forí jì mí. Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí n wá tọrọ àforíjì kí n tó jẹun.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 9:15 alẹ́

Ẹ lọ jẹun, sà. Ẹ bá mi kí wọn.

---

ỌmọÀjàṣẹ́ | ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:26 ìrọ̀lẹ́

Màmá, mo ti dé Ouando. Ẹ jókòó.

Láàárín àwọn alálùbọ́sà, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin. Wọ́n ń wò mí bí agbowó-orí. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá kan tó ga, nítorí bàbá tó ga kò wọ́n nínú wọn. Mo wá rántí òwú. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo nawọ́ sí abẹ́ abíyá mi, mo ní pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń já ewé àlùbọ́sà fò dìde, ó ké nǹkan sí àwọn tó kù, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Gun dáadáa, a jọ sọ̀rọ̀.

Wọ́n mọ̀ ọ́n! Ó ní bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n tún abẹ́ abíyá yẹn rán ní funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ará Nàìjíríà ló rán an, pé òwú ọba ni. Ó gba díẹ̀ nínú owó rẹ̀, kò gbà á tán, ó sì gba ojú omi lọ sílé ní òpin ọdún 2023, bí Dírẹ́bà ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó dé ilé láyọ̀. Kò tíì padà wá. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń ṣe òwò náà báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní nọ́ńbà ọmọ àbúrò yìí lórí WhatsApp. Ó ní kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, òun á fi ṣọwọ́ sí i, wọn á gbé e sétí bàbá.

Ó kù. Mo ní kí n kúkú dé Tokpota. Mo bi ọlọ́kadà zẹ́míjàn kan nípa ilé onímáńgòrò tí wọ́n ń gba èrò sí, ó gbé mi débẹ̀ tààrà. Mo kí ìyá náà ní Gun. Mo ní ará Nàìjíríà kan tó wọ̀ sí ilé yín, aláṣọ. Ó ní, "Èyí tó ń pe fofo ní àbúrò?" Ó tún fẹ́ di ògiri mú.

Ó wá wọlé, ó gbé ife gíláàsì kékeré kan jáde. Bàbá fi sílẹ̀ fún yín. Ó ní bí obìnrin òwú bá padà wá, kí wọ́n gbé e fún un. Kò ṣẹ́ létí.

Ohun kan ṣoṣo, Màmá, ẹ má bínú. Ìyá yìí dúró dè yín títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ife náà ló fi ń wọn sódábì, ògógóró tiwa níbí, fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 5:41 ìrọ̀lẹ́

Sódábì! Ife Alálùwàlá!

Ọmọ mi, èyí tó ṣẹ́ létí ló gbé lọ sílé? Òun ló fi ń mu tíì báyìí?

---

ỌmọÀjàṣẹ́ | aago 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé ní òun kò rí òmíràn nínú yàrá.

Ó ní 1,000 sẹ́fà ni owó ìpamọ́.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 5:46 ìrọ̀lẹ́

Òun ló yẹ kó san owó fún mi, ó ti fi jèrè. Fún un ní 300.

---

Ìyá_Ṣábẹ̀ẹ́ | aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó gùn. "Fofo, Baba." Òun á ní "fofo" padà. Bí ó bá béèrè pé báwo ni, ẹ ní "baani samay", àlàáfíà ni. Bí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa wí.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 6:52 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n fi "àbúrò" kún un?

---

Ìyá_Ṣábẹ̀ẹ́ | aago 6:53 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi kún un. Orúkọ tó mọ̀ nìyẹn.

---

ỌmọÀjàṣẹ́ | ọjọ́ Àìkú, aago 8:19 àárọ̀

Ìyá onílé gba 400. Ife wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọtí ṣì ń rùn nínú rẹ̀. Mo ti fi ohùn yín ṣọwọ́ sí Ouando, àmì méjì ti hàn lórí rẹ̀, kò tíì di búlúù. Dírẹ́bà_Sẹ̀mẹ̀, ọjọ́ wo lẹ tún ń gba Ìgólò?

---

Dírẹ́bà_Sẹ̀mẹ̀ | aago 8:30 àárọ̀

Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi aṣọ dì í o, ojú ọ̀nà Ìfọ̀nyìn kò dáa.

---

ÌyáAláṣọÒfì | aago 8:34 àárọ̀

Ẹ fi òróńbó rẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ mi á wà ní Ìdíirókò láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ti ra kẹ́tù, aláwọ̀ ewé ni mo rí.